Kọ̀ǹpútà Tó Lágbára Tí Kò Pariwo: Ohun Tí Ojú Mi Rí Kí Tèmi Tó Rọlẹ̀

Iṣẹ́ yíya àwòrán ilé tí wọn ò tíì kọ́ ni mo fi ń jẹun. Àwọn tó ń ta ilé ní Lẹ́kí àti Ìkòyí máa ń fi pláànù ránṣẹ́ sí mi, èmi á sì sọ ọ́ di fídíò: oòrùn á gba ojú fèrèsé wọ pálọ̀, omi á máa dán nínú swimming pool, imọ̀ ọ̀pẹ á máa mì lẹ́yìn fẹ́ǹsì, oníbàárà á ti rí ilé rẹ̀ kí wọ́n tó já yanrìn sílẹ̀. Blender, ètò orí kọ̀ǹpútà kan, ni mò ń lò fún un, ọ̀fẹ́ sì ni. Render ni kì í ṣe ọ̀fẹ́, ìyẹn àkókò tí kọ̀ǹpútà fi ń ṣírò ibi tí ìmọ́lẹ̀ máa bá lọ, fọ́tò kan lẹ́yìn òmíràn. Fídíò ìpolówó tí kò ju ìdajì ìṣẹ́jú lọ, fọ́tò 750 ni, tí fọ́tò 25 bá ń kọjá ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí fọ́tò kọ̀ọ̀kan bá gba ìṣẹ́jú 4, wákàtí 50 gbáko nìyẹn.

Ṣómólú ni mò ń gbé, yàrá kan àti pálọ̀, inú pálọ̀ yẹn náà sì ni ṣọ́ọ̀bù mi. Ẹni tó bá mọ Ṣómólú mọ̀ pé àdúgbò àwọn atẹ̀wé ni. Láti àárọ̀ ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àti ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé bébà ti máa ń lù. Ẹnì kan lè wá bi mí pé kí ni mò ń wá kọ̀ǹpútà tí kò pariwo fún níbi tí gbogbo àdúgbò ti ń pariwo. Ìyàwó mi ni. Nọ́ọ̀sì ni, iṣẹ́ òru ló sì máa ń bọ́ sí i lọ́wọ́ jù, ọ̀sán ló máa ń sùn. Inú ariwo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ni wọ́n bí i sí, ó lè sùn fọnfọn tó bá ń lù lẹ́yìn fèrèsé. Kọ̀ǹpútà mi ni kò jẹ́ kó sùn. Obìnrin tó ti dúró sórí ẹsẹ̀ láti alẹ́ dé àárọ̀ nítorí àwọn aláìsàn, tó wá délé tí kò rí oorun sùn nítorí iṣẹ́ ọkọ rẹ̀, ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí dé ọkàn. Ohun tó jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí nìyẹn, òun náà ló sì jẹ́ kí n kọ èyí, torí mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ wa la jọ wà nínú ilé kan náà pẹ̀lú iṣẹ́ wa.

Kọ̀ǹpútà tí mo kọ́kọ́ fi ṣe iṣẹ́ yìí, tòkunbọ̀ ni, láti Computer Village ní Ìkẹjà. Irú èyí tí àwọn iléeṣẹ́ ńlá lókè òkun máa ń lò fún ọdún mélòó kan kí wọ́n tó kó o dànù: processor (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) méjì nínú kéèsì kan, irin ara rẹ̀ nípọn, àwọn méjì ló máa gbé e gun àtẹ̀gùn. Owó rẹ̀ mọ níwọ̀n lójú ohun tó lè ṣe, mi ò sì ní parọ́ mọ́ ọn, ó ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n inú yàrá tí AC ti ń fẹ́ tọ̀sán-tòru ni àwọn tó ṣe é ní lọ́kàn. Pálọ̀ mi máa ń gbóná dé dígírì 32 lọ́sàn-án. Bí render bá ti bẹ̀rẹ̀ báyìí, gbogbo fáànù rẹ̀ á dìde lẹ́ẹ̀kan náà, ẹni tó wà lórí fóònù pẹ̀lú mi á ní kí n jáde síta ká tó lè gbọ́ ara wa.

Mo ní kí n pààrọ̀ àwọn fáànù náà sí èyí tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ tó sì ń rọra yí. Ibẹ̀ ni ojú mi ti là. Ọ̀pọ̀ irú kọ̀ǹpútà iléeṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ibi tí wáyà fáànù ń wọ̀ lára bọ́ọ̀dù rẹ̀ kò bá ti ọjà mu, power supply rẹ̀, ìyẹn àpótí tó ń pín iná fún un, kò bá ti ọjà mu, bọ́ọ̀dù náà fúnra rẹ̀ kò sì gba inú kéèsì mìíràn. Ẹ yọ fáànù kan péré, tí ẹ bá tan án, á kọ ọ́ sójú yín pé fáànù kan ò sí, á sì dúró síbẹ̀ títí ẹ ó fi tẹ bọ́tìnnì. Bó ṣe ń pariwo lọ́wọ́ ẹni tó kọ́kọ́ lò ó, bẹ́ẹ̀ ni á ṣe máa pariwo lọ́wọ́ yín. Tí ẹ bá ní yàrá tí òun nìkan lè dá wà, ẹ rà á, ẹ máa jèrè rẹ̀. Tí ẹ bá máa sùn tì í, ẹ fi sílẹ̀.

Mo tà á, mo sì pinnu pé màá to tèmi fúnra mi, ẹyọ kọ̀ọ̀kan.

Processor tí mo mú ni Ryzen 9 5950X tó ní core 16, mo fi RAM 64 GB sí i, mo wá fi RTX 3060 oní-GB 12 ṣe graphics card, ìyẹn káàdì tó ń ṣírò àwòrán, torí òun lọwọ́ mi ká nígbà yẹn. Heatsink, irin tó ń fa ooru kúrò lára processor, ni mo ná owó lé dáadáa: Noctua NH-D15, iléeṣẹ́ kan ní orílẹ̀-èdè Austria ló ń ṣe é. Ó ga ní mílímítà 165, ó ní fáànù ńlá méjì, òun pẹ̀lú fáànù rẹ̀ sì lé ní kílò kan. Ẹ wọn inú kéèsì kí ẹ tó sanwó rẹ̀, torí kéèsì tó pọ̀ lọ́jà ni kò gbà á. Ẹ wo RAM yín náà: fáànù iwájú máa ń jókòó sórí RAM ni, èyí tó bá ti ga ju mílímítà 32 lọ, ẹ ní láti gbé fáànù yẹn sókè, kéèsì tó ti gbà á tẹ́lẹ̀ lè má pa dé mọ́. Tí ẹ bá sì ti dè é mọ́ bọ́ọ̀dù, ẹ má gbé kọ̀ǹpútà náà ní ìdúró nínú mọ́tò. Ihò ojú ọ̀nà wa, ẹ kúkú mọ̀ ọ́n. Ìwúwo náà á máa fa bọ́ọ̀dù ní gbogbo ìgbà tí táyà bá já sínú ihò. Ẹ dá a dùbúlẹ̀ kí heatsink kọjú sókè, ẹ yọ graphics card lọ́tọ̀, ẹ gbé ìyẹn sórí itan.

Kéèsì ló wá kó mi sí yọ́ọ́yọ́ọ́. Mo ra èyí tí wọ́n ní tìtorí ìdákẹ́jẹ́ ni wọ́n ṣe ṣe é: ilẹ̀kùn iwájú rẹ̀ dí pa, wọ́n lẹ fóòmù mọ́ gbogbo ara rẹ̀ nínú, owó gọbọi ni. Nígbà tí mo kọ́kọ́ tan án, mo bẹ̀rẹ̀ wò bóyá fáànù ń yí. Ìyẹn kò pẹ́. Nígbà tí render wọ ara, ooru bẹ̀rẹ̀ sí í gbára jọ, kọ̀ǹpútà náà dà bí ẹni tó wọ agbádá mẹ́ta lọ́sàn-án gangan. Mo gbé àtẹ́lẹwọ́ lé òkè rẹ̀, mi ò lè fi síbẹ̀ pẹ́. Processor wà ní dígírì 88, graphics card ti ń súnmọ́ 83, gbogbo fáànù wá ń sá eré àsápajúdé láti lé ooru jáde gba ojú ihò tóóró tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn yẹn. Fóòmù kò lè bo irú ariwo bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n dúró síbí díẹ̀, torí ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń ka ìmọ̀ràn àwọn ará òkè òkun ti máa ń ṣubú. Kò sí heatsink tó lè mú nǹkan tutù ju afẹ́fẹ́ tó yí i ká lọ. Ẹni tí yàrá tirẹ̀ wà ní dígírì 20 ti fi dígírì 12 ṣíwájú àwa tí tiwa wà ní 32, kó tó tan kọ̀ǹpútà rárá. Kéèsì olófòómù lè dára lọ́dọ̀ tirẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, ihò ni kéèsì gbọ́dọ̀ ní, kí iwájú rẹ̀ jẹ́ nẹ́ẹ̀tì, kí afẹ́fẹ́ ráyè wọlé láìjẹ́ pé fáànù ń jà fún un.

Ọ̀sán ọjọ́ kan báyìí, ìyàwó mi ti dé láti ibi iṣẹ́, ó ti wọ yàrá lọ, mo rò pé oorun ti gbé e lọ. Mo kàn gbọ́ ohùn rẹ̀ láti inú yàrá: "Bàbá Ìbejì, kì í ṣe ariwo rẹ̀ gan-an ló ń jí mi o. Bó ṣe ń lọ tó ń bọ̀ yẹn ni. Tó bá ń dún lójú kan, màá sùn."

Mo jókòó, mo tẹ́tí sí i. Òótọ́ ni. Blender á parí fọ́tò kan, á tọ́jú rẹ̀, á máa kó ẹrù èyí tó kàn wọlé. Láàrin ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan yẹn, ooru á já wálẹ̀, fáànù á rẹlẹ̀. Fọ́tò tuntun á gbéra, fáànù á tún ké sókè. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn ní ìṣẹ́jú mẹ́rin-mẹ́rin, láti àárọ̀ di alẹ́. Èmi tí mo jókòó tì í, etí mi ti kú sí i. Òun tó fẹ́ sùn, bó bá ti ń dórí oorun ni yóò tún gbọ́ ìyípadà yẹn.

Mo lọ sínú BIOS, ojú ètò kọ̀ǹpútà tí ẹ lè ṣí kí Windows tó wọlé. Ààyè wà níbẹ̀ tí ẹ ti lè ní kí fáànù má ṣe yára dáhùn, kó dúró ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan kó tó gbéra, kó sì pẹ́ kó tó rọlẹ̀. Mo tún tẹ́ ìlà rẹ̀: láti dígírì 50 títí dé 75, eré kan náà ni kó máa sá, ó dìgbà tó bá kọjá 75 kó tó fi kún un. Fáànù ara graphics card kì í gbọ́ ti BIOS, ètò kan tó ń jẹ́ MSI Afterburner ni mo fi ṣe tirẹ̀, bákan náà. Mi ò ná kọ́bọ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ìyàwó mi sùn títí ó fi di ìrọ̀lẹ́. Ṣáájú kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ kọ́kọ́ ṣe èyí.

Lẹ́yìn náà ni mo wá pààrọ̀ kéèsì sí onínẹ́ẹ̀tì, mo to fáànù onímílímítà 140 mẹ́ta síwájú, ẹyọ kan sẹ́yìn. Ọ̀rẹ́ mi kan wò ó, ó ní ṣé fáànù mẹ́rin kò ní pariwo ju méjì lọ ni? Ó jọ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìṣirò ohùn kò rí bẹ́ẹ̀. Tí fáànù kan bá ń dún, tí ẹ gbé ìkejì tó ń dún bákan náà tì í, decibel (òṣùwọ̀n ariwo) 3 péré ló máa fi kún un. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá dín eré fáànù kan kù sí ìdajì, bí decibel 15 ni ariwo rẹ̀ máa fi lọ sílẹ̀, decibel 10 ni etí ọmọ ènìyàn sì ń kà sí ìdajì ariwo. Ìdí rèé tí fáànù púpọ̀ tó ń rọra yí fi sàn ju díẹ̀ tó ń sáré lọ. Ẹ sì jẹ́ kí èyí tó ń fa afẹ́fẹ́ wọlé pọ̀ ju èyí tó ń tì í jáde lọ, kó lè jẹ́ ojú nẹ́ẹ̀tì tí ẹ lè fọ̀ nìkan ni eruku á máa gbà wọlé.

Bí mo ṣe ń yọ̀ pé ó ti parí, iṣẹ́ ẹ́sítéètì ńlá kan dé. Ilé tó pọ̀, igi, koríko, ọkọ̀ nínú ọgbà. Blender kọ ọ́ sójú mi pé "System is out of GPU memory." GB 12 tí mẹ́mọ́rì káàdì mi ní kò gbà á mọ́. Kí ẹ tó sáré lọ ra káàdì ńlá tí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí yín, ẹ wo bí ẹ ṣe gbin igi yín. Tí ẹ bá fi Shift àti D ṣe ẹ̀dà igi kan láìmọye ìgbà tí ẹ sì ń tún ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló máa gba àyè tirẹ̀. Alt àti D ni kí ẹ fi ṣe é, gbogbo igi yẹn á máa jẹ nínú àyè ẹyọ kan. Èyí nìkan gbé mi kọjá ìdajì ìṣòro náà. Ṣùgbọ́n àwòrán ara ògiri àti ti táìlì tí oníbàárà fẹ́ kí ó mọ́ kedere kò ṣeé dín kù, mo sì mọ̀ pé mo nílò káàdì tó ní àyè jù bẹ́ẹ̀ lọ.

RTX 3090 ló wá sí mi lọ́kàn, GB 24 ló ní. Tuntun rẹ̀, agbára mi ò ká a. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ 15 oṣù kẹsàn-án ọdún 2022 tí Ethereum, owó orí íńtánẹ́ẹ̀tì kan tí àwọn èèyàn máa ń fi graphics card ṣírò kí wọ́n tó rí i, ti yí ètò rẹ̀ padà, tí kò sí ẹni tó lè fi graphics card wa á mọ́, àwọn tó ń wa á ti bẹ̀rẹ̀ sí í tú káàdì wọn sọ́jà, wọ́n sì dé Ìkẹjà náà. Ọmọkùnrin tó tà á fún mi ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fọkàn balẹ̀, London use ni, wọn ò tíì tú u rí." Mi ò bá a jiyàn. Mo ní kó jẹ́ ká kì í bọ kọ̀ǹpútà, kí a jókòó tì í. Kí ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ojú Windows tó tàn yọ̀yọ̀ ṣe ẹ̀rí fún yín. Ẹ gbé Blender Benchmark sórí fláàṣì, ẹ gbé GPU-Z pẹ̀lú, torí òun máa ń tú àṣírí káàdì tí wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà, ẹ gbé HWiNFO tó ń fi ooru hàn ṣìkẹta. Ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ títí ara rẹ̀ á fi gbóná dáadáa. Ẹni tó bá ń kánjú gba owó lọ́wọ́ yín kí ó tó gbóná, ẹ kí i, kí ẹ máa lọ.

Káàdì náà ṣiṣẹ́, mo sanwó. Ilé ni mo dé tí mo tó ka HWiNFO náà délẹ̀. Ìlà tó sọ nípa ooru káàdì fúnra rẹ̀ dára, 74. Ìlà tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, Memory Junction, wà ní 110. Ibi tí mẹ́mọ́rì irú káàdì yẹn ti máa ń dín eré ara rẹ̀ kù kó má baà jóná nìyẹn. RTX 3090 ní mẹ́mọ́rì níwájú àti lẹ́yìn, ti ẹ̀yìn kì í sì rí afẹ́fẹ́ tààrà. Nígbà tí mo tú u, àwọn páàdì rírọ̀ tó yẹ kó máa gbé ooru láti ara mẹ́mọ́rì lọ sára irin ti gbẹ, wọ́n ń rún wẹ́wẹ́ lọ́wọ́ mi, òróró wọn ti ṣàn sára bọ́ọ̀dù. Mo fi sípíríìtì nù ún, mo fi tuntun sí i. Ẹ ṣọ́ra gidi níbi páàdì yìí: wọn kì í nípọn bákan náà, ibì kan lè jẹ́ mílímítà 1, ibòmíràn 1.5 tàbí 2, ó sinmi lórí ẹni tó ṣe káàdì náà. Èyí tó bá nípọn jù á gbé irin náà kúrò lára orí káàdì fúnra rẹ̀, ooru tí ẹ fẹ́ sá fún á wá di méjì. Kí ẹ wọn ti àtijọ́ kí ẹ tó kó o dànù. Lẹ́yìn iṣẹ́ yẹn, mẹ́mọ́rì náà kò kọjá 90 mọ́.

Ọ̀rọ̀ gan-an ló kàn báyìí, òun ni mo sì fẹ́ kí ẹ mú dání tí ẹ bá máa gbàgbé ìyókù. Gbogbo wáàtì tí kọ̀ǹpútà bá jẹ ló ń di ooru sínú yàrá. Gbogbo rẹ̀. Ooru yẹn ló ń mú fáànù sáré, fáànù tó ń sáré ló ń pariwo. Ẹni tó bá fẹ́ kí kọ̀ǹpútà rẹ̀ dákẹ́, iná tó ń jẹ ni kó kọ́kọ́ dín kù. Mo ra míta kékeré tí wọ́n ń kì bọ ojú sọ́kẹ́ẹ̀tì, mo kì kọ̀ǹpútà bọ̀ ọ́, mo gbé render sí i: ó lé ní 600 wáàtì. RTX 3090 nìkan máa ń jẹ 350, processor ń jẹ tó 142.

Mo kọ́kọ́ yọ processor kúrò nínú iṣẹ́ render. Nínú Blender, ní Preferences, ẹ lè ní kí graphics card nìkan máa ṣe é. Ohun tí processor ń fi kún eré náà kéré gan-an sí iná tó ń jẹ. Lẹ́yìn náà ni mo fi òté lé graphics card: ẹ ṣí Command Prompt gẹ́gẹ́ bí Administrator, ẹ kọ nvidia-smi -pl 250, kò ní lè jẹ ju 250 wáàtì lọ mọ́. Bí ẹ bá pa kọ̀ǹpútà tí ẹ tún un tàn, á gbàgbé, torí náà mo fi sínú Task Scheduler kó máa ṣe é fúnra rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó bá tàn.

Ojú míta wá sí 350 wáàtì. Mo retí kí render falẹ̀ débi tí iṣẹ́ á bàjẹ́. Fọ́tò tó ń gba ìṣẹ́jú 4 wá ń gba ìṣẹ́jú 4 àti ìṣẹ́jú-àáyá 30. Ìdí ni pé agbára tí wọ́n ń tì sínú káàdì lókè pátápátá yẹn, eré díẹ̀ ló ń fi kún un, ooru ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ń dà. Fọ́tò 750 tó ń gba wákàtí 50 wá ń gba wákàtí 56. Ṣùgbọ́n yúníìtì 30 tó ń jẹ lórí míta NEPA di 20. Ẹ rántí pé ní oṣù kẹrin ọdún 2024, wọ́n gbé owó yúníìtì kan fún àwọn tó wà ní Band A sí 225 náírà. Ní iye yẹn, fídíò kan ṣoṣo ti ń fi 2,250 náírà pamọ́ fún ẹni tó bá wà níbẹ̀. Fáànù wá ń yí wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, torí kò sí ohun tó ń lé wọn.

Inverter ni ibi tí mo ti jẹ àǹfààní rẹ̀ jù. Bátìrì méjì ni mo ní, 12 fóltì, 200 Ah ọ̀kọ̀ọ̀kan, oníomi. Ìyẹn jẹ́ 4,800 wáàtì-wákàtí lórí ìwé, ṣùgbọ́n irú bátìrì yìí, ẹni tó bá ń fà á kọjá ìdajì ń pa á ni, inverter náà á sì jẹ díẹ̀ nínú rẹ̀. Ohun tó kù kò ju nǹkan bí 2,000 lọ. Kọ̀ǹpútà tó ń jẹ 600 á lò ó tán ní wákàtí mẹ́ta ó lé díẹ̀. Èyí tó ń jẹ 350 á lò ó fún wákàtí mẹ́fà kù díẹ̀. Bátìrì kan náà, iṣẹ́ kan náà, mi ò sì fi páńẹ́ẹ̀lì kan kún un. Kí inverter yín jẹ́ pure sine wave o, ìyẹn èyí tí iná rẹ̀ ń jáde geere bíi ti NEPA. Èyí tí mo kọ́kọ́ ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀, power supply mi a máa kùn hùn-ùn lórí rẹ̀, ìgbà mìíràn á kàn pa lójijì. Ẹ má sì tìtorí pé míta sọ 350 kí ẹ ra power supply kékeré. RTX 3090 máa ń fa iná ńlá fún ìṣẹ́jú-àáyá tí kò tó kíkà, power supply tí kò lágbára tó á rò pé nǹkan ti gbiná, á sì pa. 850 wáàtì ni tèmi, bó sì ṣe jẹ́ pé ohun tí mò ń lò kò tó ìdajì agbára rẹ̀, fáànù tirẹ̀ kì í fẹ́ yí rárá.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí Blender máa tọ́jú render yín tààrà sí fídíò. PNG tàbí EXR ni kó jẹ́, fọ́tò lọ́kọ̀ọ̀kan. Fídíò tí iná bá lọ lé lórí lè má ṣí mọ́, gbogbo òru á ṣòfò. Fọ́tò tó ti jáde ti jáde, ẹ yọ àmì Overwrite kúrò, tí iná bá dé, á bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó dúró sí.

Mo máa ń ka ohùn sórí àwọn fídíò yìí fún àwọn oníbàárà kan, nígbà tí kọ̀ǹpútà sì ti dákẹ́ tán ni mo tó gbọ́ ohùn mìíràn nínú maíkì, hùn-ùn tí kì í lọ. Lákòókò kan náà, tí mo bá fi apá ìhòòhò kan kéèsì, iná á máa jẹ mí wìnìwìnì. Ilé àtijọ́ ni ilé tí mò ń gbé, sọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ní ihò mẹ́ta ṣùgbọ́n kò sí wáyà earth kankan lẹ́yìn ihò kẹta. Mo bá Bàbá onílé sọ̀rọ̀, wọ́n gbà, oníṣẹ́ iná gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́yìnkùlé, ó ri ọ̀pá kọ́pà mọ́lẹ̀, ó da èédú àti iyọ̀ yí i ká, ó sì fa wáyà wọlé. Ohùn yẹn lọ, wìnìwìnì náà lọ. Ẹ wo èyí kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ra maíkì olówó ńlá.

Eruku wa kì í ṣe ti ibòmíràn. Tèmi ní Ṣómólú, eruku bébà ni púpọ̀ nínú rẹ̀: funfun, fúyẹ́ bí òwú, á hun ara rẹ̀ mọ́ ojú nẹ́ẹ̀tì títí tí ẹ ó fi lè bó o bí ẹní bó awọ. Nígbà ọyẹ́, pupa ilẹ̀ á dà pọ̀ mọ́ ọn. Ojú nẹ́ẹ̀tì tó bá dí, gbogbo ohun tí mo ti kọ sókè yìí ti já sófo, fáànù á tún bẹ̀rẹ̀ eré rẹ̀. Mo máa ń yọ ọ́, mo ń fọ̀ ọ́ lábẹ́ omi ẹ̀rọ, mo sì ń jẹ́ kó gbẹ pátápátá. Fún inú kọ̀ǹpútà, ẹ má gbé e lọ sọ́dọ̀ fọkanáísà bí ọ̀pọ̀ ṣe ń ṣe. Omi máa ń wà nínú táǹkì afẹ́fẹ́ wọn, a sì máa bá afẹ́fẹ́ jáde sára bọ́ọ̀dù. Búlówà oníná kékeré ni kí ẹ lò, kí ẹ fi ìka di fáànù mú kó má yí, torí afẹ́fẹ́ líle lè mú un sáré kọjá ohun tí wọ́n ṣe é fún.

Ohun kan ló kù. Tí render bá wọ ara, ohùn tín-ín-rín kan máa ń jáde, kì í ṣe ti fáànù, torí mo ti fi ìka dá fáànù kọ̀ọ̀kan dúró wò. Kọ́ìlì, ìyẹn wáyà tí wọ́n ká, ló ń dún, lára graphics card tàbí lára power supply. Nígbà tí mo fi òté 250 yẹn lé e, ó rẹlẹ̀ sí i ṣùgbọ́n kò lọ. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Yábàá ti ní òun á yá mi ní power supply tòun. Tí mo bá gbé e sí i tí ohùn náà bá yí padà, mo mọ èyí tí màá tà nínú méjèèjì.